Khartoum, oṣù kẹrin ọdún 2023: àwọn àmì tó fi hàn pé ẹ́mbásì Amẹ́ríkà máa kó kúrò

Ní òwúrọ̀ Sátidé ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023, tí àwẹ̀ Ramadan ti pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Khartoum láàárín àwọn ológun Sudan tí Abdel Fattah al-Burhan ń darí àti ẹgbẹ́ ológun RSF ti Mohamed Hamdan Dagalo, ẹni tí ayé mọ̀ sí Hemedti. Ọ̀ràn náà kan Ìlọrin gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú tí ilé kéwú pọ̀ sí tó báyìí kò lè ṣe aláìní ọmọ ní Sudan, pàápàá ní International University of Africa tó wà ní Khartoum, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kọ́ èdè Lárúbáwá nígbà náà, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ìṣègùn. Nínú irú ọ̀ràn báyìí, ìbéèrè tí òbí máa ń kọ́kọ́ bi ni pé: "Ṣé àwọn òyìnbó ti ń kó lọ?"

Ìbéèrè gidi ni. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba ńlá ní etí tó gbọ́ràn ju tiwa lọ, ẹni tó bá sì lè mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é ti rí ọjọ́ mélòó kan gbà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ọ̀la, a kò sì tẹ yanrìn níhìn-ín. Ìṣirò ni, ó sì ní bí a ṣe ń ṣe é. Ohun tí Khartoum fi hàn wá ni pé ẹ́mbásì kì í lọ nítorí ìbẹ̀rù nìkan. Ó ń lọ nígbà tí ohun tó ń mú un dúró bá ti tán, tí ọ̀nà kan sì là fún un láti jáde. Ohun méjèèjì yìí ni kí a máa ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn agbẹnusọ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìpele mẹ́rin

Ohun tó ń kọ́kọ́ da ìṣirò rú ni pé nǹkan mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ni àwọn èèyàn ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Èkíní, Washington lè yọ̀ǹda fún ẹbí àwọn òṣìṣẹ́, àti fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọn dandan, pé kí wọ́n lọ bó bá wù wọ́n, kí ìjọba sì san owó ọkọ̀. Èkejì, ó lè di àṣẹ: ẹni tí àṣẹ bá kàn gbọ́dọ̀ lọ. Méjèèjì kì í kọjá ọjọ́ 180. Bó bá pé bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á padà, tàbí kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi tí òṣìṣẹ́ kò ti ní mú ẹbí dání mọ́. Ẹ̀kẹta, aṣojú àti ìwọ̀nba èèyàn lè ṣí lọ sí ìlú mìíràn nínú orílẹ̀-èdè kan náà, bí wọ́n ṣe ṣí kúrò ní Kyiv lọ sí Lviv ní Ukraine ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022. Ẹ̀kẹrin, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà inú rẹ̀ á sì jáde ní orílẹ̀-èdè náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Tripoli, olú ìlú Libya, ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2014: èèyàn bí 150, tí bí 80 nínú wọn jẹ́ ológun Marine, fi mọ́tò rin nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lọ sí Tunisia, tí ọkọ̀ òfuurufú ológun sì ń ṣọ́ wọn láti òkè.

Àwa ní Nàìjíríà ti rí bí àìmọ ìyàtọ̀ yìí ṣe ń dá jìnnìjìnnì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Amẹ́ríkà yọ̀ǹda kí ẹbí àti àwọn òṣìṣẹ́ kan kúrò ní Abuja nítorí ewu àwọn agbésùnmọ̀mí. Ní ọjọ́ 27, ó sọ ti ẹbí di àṣẹ. Ẹni tó bá gbọ́ pé "wọ́n ti pàṣẹ kí wọ́n lọ" lè rò pé ẹ́mbásì ti ń palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò tì. Ìpele kejì ni wọ́n dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí. Ẹni tó bá fi owó, ìrìn àjò tàbí ẹ̀kọ́ ọmọ ta lé ìpele kẹrin nígbà náà ti pàdánù lásán.

Ọjọ́ àti aago pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣe kedere. Aago Khartoum fi wákàtí kan ṣáájú ti Ìlọrin. Nínú oṣù kẹrin, ó fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ti Washington. Alẹ́ Sátidé ọjọ́ 22 ni Ààrẹ Biden kéde ní Washington pé wọ́n ti kó àwọn èèyàn wọn. Ní Ìlọrin, ọjọ́ Àìkú ti wọlé. Ẹni tó bá kọ "kí ọjọ́ 22 tó parí" láì sọ aago ìlú wo ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Èyí tó lọ àti èyí tó dúró

Kí a tó wo ìròyìn ọjọ́ náà, ó yẹ ká wo ohun tí Amẹ́ríkà ti ṣe rí níbi tí ọ̀ràn bá ti jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó rántí ìgbà ECOMOG mọ̀ pé Monrovia, olú ìlú Liberia, gbóná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1990, ní 1996 àti ní 2003, ìjà sún mọ́ ẹ́mbásì Amẹ́ríkà níbẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn jáde, ṣùgbọ́n wọn kò ti ẹ́mbásì náà. Mamba Point ló wà, létí òkun gan-an. Ọkọ̀ ojú omi ológun lè dúró lókèèrè kí hẹlikópítà máa lọ kó máa bọ̀. Ẹni tó lè jáde nígbàkígbà kò ní ìdí láti kánjú jáde.

Òkun nìkan kò tó ṣá. Mogadishu, olú ìlú Somalia, náà wà létí òkun, síbẹ̀ ní ọjọ́ 5 sí 6 oṣù kìíní ọdún 1991, hẹlikópítà láti inú ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn 281 kúrò nínú ọgbà ẹ́mbásì Amẹ́ríkà, nítorí pé kò sí ìjọba kan mọ́ tó lè ní kí àwọn tó ń gun ògiri padà. Juba, olú ìlú South Sudan, gba ọ̀nà mìíràn: ìjà ńlá bẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2013 àti ní oṣù keje ọdún 2016, òṣìṣẹ́ púpọ̀ lọ, ẹ́mbásì dúró. Ọkọ̀ òfuurufú tún ráyè balẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta la rí fà yọ nínú àwọn wọ̀nyí, àwọn la sì fi ń wo ibikíbi. Ta ló ń dáàbò bò wọ́n? Ibo ni oúnjẹ, omi, oògùn àti dísù jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé? Bí wọ́n bá fẹ́ jáde lálẹ́ òní, ibo ni wọ́n máa gbà? Bí èkíní àti èkejì kò bá ní ìdáhùn mọ́, tí ẹ̀kẹta sì ní, wọ́n á lọ. Bí ẹ̀kẹta kò bá tíì ní ìdáhùn, wọ́n á jókòó sínú ilé, bó ti wù kí ìbọn pọ̀ tó níta. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣírò ló ń wo èkíní nìkan, nítorí òun ló ń pariwo.

Ọjọ́ dé ọjọ́

Ìbéèrè tí a ó fi ṣe iṣẹ́ náà nìyí: ṣé Amẹ́ríkà yóò kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kúrò ní ẹ́mbásì Khartoum, kó sì dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró, kí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin tó parí ní aago Khartoum? Ìdájọ́ wa ni àwọn iye tó ń bọ̀ yìí, tó ń sọ nínú 100 bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ó ṣẹlẹ̀, a sì kọ wọ́n lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ tán. Wọ́n wà láti fi hàn bí ẹ̀rí kan ṣe wúwo ju èkejì lọ.

Ní Àlàmísì ọjọ́ 13, àwọn ológun Sudan kìlọ̀ ní gbangba pé RSF ń kó ọmọ ogun kiri láì gba àṣẹ; RSF ti kó èèyàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Merowe níhà àríwá. Ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n ní Sudan. 5 nínú 100 ló tọ́ sí i.

Sátidé ọjọ́ 15 ló yí gbogbo rẹ̀ padà, nítorí pápákọ̀. Àárín ìlú ni pápákọ̀ òfuurufú Khartoum wà, ojú ìjà ló sì dì láti ọjọ́ kìíní. Ìbọn ba ọkọ̀ Airbus A330 ti Saudia tó ń múra láti gbéra lọ sí Riyadh. Wọ́n ti ojú òfuurufú Sudan pa. (Títì yẹn kan àwọn alálàájì wa náà ní ọdún yẹn: ọkọ̀ tó ń gbé wọn láti Nàìjíríà lọ sí Saudi ní láti yí gba ibòmíràn, ìrìn náà sì gùn sí i.)

Ohun tó yẹ kí a rí nínú pápákọ̀ yẹn ju ariwo ìbọn lọ. Ètò pàjáwìrì ẹ́mbásì níbi gbogbo kọ́kọ́ gbára lé ọkọ̀ òfuurufú tí ẹnikẹ́ni lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìpele kìíní àti èkejì, ìyọ̀ǹda àti àṣẹ, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Nígbà tí pápákọ̀ Khartoum ti lọ, àkàbà ìpele mẹ́rin náà ti pàdánù ìgbésẹ̀ méjì ìsàlẹ̀: wọn kò lè rọra dín èèyàn kù bí wọ́n ti ṣe ní Abuja. Yálà kí gbogbo wọn dúró, tàbí kí gbogbo wọn lọ. Ibi tí kò bá sí àárín méjì, ìpele kẹrin sún mọ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. 30 nínú 100.

Kí ló dé tí kò fi tó 60? Khartoum kò ní òkun. Port Sudan, etíkun tó wà fún wọn, jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 850 ní ojú títì. Ìlú mẹ́ta tí odò Nile pín níyà, Khartoum, Omdurman àti Bahri, afárá ló so wọ́n pọ̀, ìbọn sì wà lórí afárá. Ẹ́mbásì fúnra rẹ̀ wà ní Soba níhà gúúsù, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gbé káàkiri ìlú. Kíkó wọn jọ sójú kan nìkan, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Ìbéèrè kẹta kò tíì ní ìdáhùn.

Ní Àtìní ọjọ́ 17, wọ́n yìnbọn sí mọ́tò àwọn aṣojú Amẹ́ríkà; Blinken, akọ̀wé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn nígbà náà, ló sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n kọ lu aṣojú àjọ Yúróòpù, Aidan O'Hara, nínú ilé rẹ̀. Nínú àdéhùn Vienna ti ọdún 1961, ìjọba tó gba àlejò ló gbọ́dọ̀ dáàbò bo aṣojú. Nígbà tí àwọn tó gbé ìbọn bá ń wọ ilé aṣojú, yálà ọ̀gá wọn ló rán wọn tàbí ọ̀gá wọn kò lè mú wọn. Èkejì ló burú jù fún ẹ́mbásì, nítorí pé ìpè tẹlifóònù sí ọ̀gágun kò wúlò mọ́. Blinken bá ọ̀gágun méjèèjì sọ̀rọ̀, ìbọn kò sì dáwọ́ dúró. 45 nínú 100.

Ní Àlàmísì ọjọ́ 20, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń kó àfikún ọmọ ogun lọ sí agbègbè náà, bí ó bá di dandan láti kó àwọn èèyàn ẹ́mbásì jáde. Ibi tó rọrùn fún wọn jù ni Djibouti, níbi tí ibùdó wọn, Camp Lemonnier, wà. Ẹ má torí ìkéde bẹ́ẹ̀ gun 95 lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń kó ọmọ ogun sẹ́bàá láì lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta ti ń ní ìdáhùn: hẹlikópítà ńlá, láti Djibouti, lálẹ́. Èyí gbé e dé 70.

Jímọ̀ ọjọ́ 21 ni ìtúnu àwẹ̀. RSF kéde ìdáwọ́ ìjà dúró wákàtí 72 nítorí ọdún. Àwọn ológun Sudan náà gbà lẹ́yìn náà. Ìbọn ṣì ń dún. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á gbé e sókè sí 80. A ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Sátidé ọjọ́ 22 ni kí a dúró wò dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ méjì jáde lọ́jọ́ kan náà tó dà bí ẹni pé wọ́n ta ko ara wọn. Àwọn ológun Sudan kéde pé Burhan ti gbà láti ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti kó aṣojú wọn. Wọ́n dárúkọ Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Faransé àti Ṣáínà, wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú ológun ni wọn yóò fi kó wọn, láàárín wákàtí díẹ̀ sí i. Ẹ́mbásì Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kọ sí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé nítorí pápákọ̀ tó tì àti ewu tó wà, kò tíì sí ààbò fún ìjọba láti ṣètò kíkó àwọn aráàlú jáde. Ọ̀pọ̀ ka ti ẹ́mbásì, wọ́n sì rò pé kò ní sí ìrìn lọ́sẹ̀ náà. Ẹ tún un kà: aráàlú ni ìkéde yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Saudi ti gbé àwọn èèyàn bí 150 láti Port Sudan gba orí omi dé Jeddah. 92 nínú 100.

Lóru ọjọ́ náà, hẹlikópítà MH-47 mẹ́ta, tí ọmọ ogun tó lé díẹ̀ ní 100 wà nínú iṣẹ́ náà, gbéra láti Djibouti, wọ́n dúró ní Ethiopia láti rọ epo, wọ́n sì balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́mbásì. Wọn kò lò tó wákàtí kan nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó kò pé 100, àti òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà àti ìwọ̀nba aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ́mbásì tì.

Ibi tí ìṣirò ti ń yẹ̀

Ìdáwọ́ ìjà dúró ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ọkàn ń sọ pé bí ìjà bá rọlẹ̀, kò sí ìdí láti sá. Fún ẹ́mbásì tí oúnjẹ àti ààbò ti ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí 72 yẹn ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Hẹlikópítà tó tóbi tó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ kì í fẹ́ wọ ibi tí ìbọn ti ń rọ̀ bí òjò. Nítorí náà, bí ìṣirò bá ti wà lókè 50 kí ìdáwọ́ ìjà tó dé, kí ó gòkè. Bí ó bá wà lábẹ́ 20, kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ìkéde kan náà, ìtumọ̀ méjì, ohun tó wà nílẹ̀ ṣáájú ló ń pinnu èyí tó jẹ́.

Èkejì ni ìtàn tó wà lọ́rùn Washington. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, wọ́n pa aṣojú Chris Stevens àti ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta mìíràn ní Benghazi, ní Libya. Láti ìgbà náà, jíjókòó sínú ọgbà láìsí ààbò di ohun tí olóṣèlú kankan níbẹ̀ kò fẹ́ dáhùn fún. Lẹ́yìn náà ni Kabul, olú ìlú Afghanistan, ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí èrò kún pápákọ̀ débi tí gbogbo ayé rí i. Ẹ̀kọ́ méjèèjì bí ohun tí a rí ní Khartoum: òṣìṣẹ́ á tètè lọ, aráàlú á wá ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó fi Beirut, olú ìlú Lebanon, ti ọdún 2006 ṣe àwòkọ́ṣe, níbi tí Amẹ́ríkà ti kó ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó nǹkan bí 15,000 jáde tí ẹ́mbásì rẹ̀ kò sì tì, ti lo àkókò tó ti kọjá.

Ẹ̀kẹta ni pé ìròyìn mẹ́wàá tó ti ẹnu ẹnì kan jáde, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni. Fídíò tó bá wọ WhatsApp láti Òkè Súnà títí dé Ọ̀fà, ẹ wá ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde kí ẹ tó kà á mọ́ ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń wo Flightradar24, tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú tó ń rìn hàn lórí ayélujára: ọkọ̀ ológun lè pa ohun tó ń fi í hàn, nítorí náà ọkọ̀ tí ẹ rí jẹ́ ẹ̀rí díẹ̀, èyí tí ẹ kò rí kì í ṣe ẹ̀rí rárá.

Niamey, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà

Àwọn tó gbé òṣùwọ̀n Khartoum lọ sí orílẹ̀-èdè Niger láì tún un wọ̀n ṣìnà. Àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023. Ní ọjọ́ 30, ECOWAS fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ní Abuja láti dá ìjọba padà, ó sì ní òun lè lo agbára ogun. Nàìjíríà ti ààlà, ó sì gé iná mànàmáná. Ààlà Kwara kò kan orílẹ̀-èdè Niger, Benin ló kàn, ṣùgbọ́n ọjà wa kan án. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, Amẹ́ríkà pàṣẹ kí ẹbí àti àwọn òṣìṣẹ́ kan kúrò. Ọ̀pọ̀ sọ pé Khartoum kejì ti dé.

Ẹ bi ìbéèrè mẹ́ta náà. Ìjà kò sí ní ìgboro Niamey. Àwọn tó gba ìjọba ló ń ṣọ́ ọgbà ẹ́mbásì Amẹ́ríkà, wọn kò sì fẹ́ kí ó lọ. Nígbà náà, Amẹ́ríkà ní ọmọ ogun tó lé ní 1,000 ní orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú pápákọ̀ tiwọn ní Agadez. Ọ̀nà àbájáde wà, kò sì sí ohun tó ń lé wọn gbà á. Ẹ́mbásì Amẹ́ríkà kò tì. Ti Faransé nínú ìlú kan náà ni ó tì: àwọn tó gba ìjọba ní kí aṣojú wọn máa lọ, wọ́n sé e mọ́ inú ọgbà, ó kúrò ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ilé iṣẹ́ náà sì tì pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ìlú kan, ológun kan náà, àbájáde méjì. Ẹ má ṣírò "ẹ́mbásì" lápapọ̀ rí. Ẹ dárúkọ ti ta ni.

Fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀

Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà lọ, àwọn yòókù tẹ̀ lé e kíákíá. Faransé àti Bìrìtìkó kó aṣojú wọn ní ọjọ́ 23. Láti ọjọ́ 25, Bìrìtìkó ń gbé ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti pápákọ̀ ológun Wadi Saeedna níhà àríwá Omdurman. Èèyàn bí 700, àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn mìíràn, wọ ọkọ̀ lọ sí Port Sudan, wákàtí 35 ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Ìpele àkọ́kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, 376, balẹ̀ sí Abuja lóru ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, nínú ọkọ̀ Air Peace àti ọkọ̀ C-130 ti ológun òfuurufú wa. Ọjọ́ méjìdínlógún ti kọjá lẹ́yìn ìbọn àkọ́kọ́. Ìjọba sọ pé mílíọ̀nù 1.2 dọ́là ni wọ́n fi háyà bọ́ọ̀sì 40. Àwọn awakọ̀ kan dá ọmọ dúró sínú aṣálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ní ẹnubodè Egypt, àìní físà tún dá wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan.

Ohun tí èyí wí fún òbí ni pé kí ó má fi ìlọ ẹ́mbásì ṣe àmì ìgbéra. Nígbà tó bá lọ, owó bọ́ọ̀sì ti fò sókè, ẹnubodè ti kún. Àmì òbí ni kí ìbéèrè kìíní àti èkejì ti ṣófo, kódà bí ẹ̀kẹta kò bá tíì ní ìdáhùn fún òyìnbó. Ọmọ tó wà ní Khartoum lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò nílò hẹlikópítà; ó nílò àdúgbò tó dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan àti bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Wad Madani tàbí Port Sudan. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń ṣí ṣáájú ti ẹ́mbásì. Bí ìbọn bá wà lójú pópó tó yẹ kó gbà, kí ó dúró sínú ilé, kó jìnnà sí fèrèsé, títí yóò fi rọlẹ̀.

Lórí fóònù, ẹ má bi í pé "Ṣé àlàáfíà ni?" nìkan. Yóò ní "Àlàáfíà ni, màmá, àlùhàmúdùlíláì," kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tó ní iye. Omi jálá mélòó ló kù, èèyàn mélòó ló sì ń mu ún? Nínú ooru Khartoum lóṣù kẹrin, tó máa ń dé 40 ní ìwọ̀n Celsius, ẹnì kan nílò tó lítà 4 lóòjọ́, èyí tó jẹ́ lítà 28 fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ilé epo kankan ṣì ń ta? Afárá wo ni wọ́n dí, ta ló sì dí i? Bọ́ọ̀sì tó kúrò ládùúgbò lánàá, ṣé ó dé ibi tó ń lọ, èló sì ni wọ́n gbà? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí ìdáhùn bá burú sí i lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ìṣirò ti parí, kí ẹ máa ṣètò owó. Dọ́là kéékèèké ló wúlò, nítorí báńkì á ti tì, kò sì sẹ́ni tó máa fún un ní ṣéńjì.

Àti páásìpọ́ọ̀tù. Kí ó wà lára ọmọ, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìwé tó gbà á láti fi ṣe ìwé ìgbélùú, kí àwòrán ojú ìwé rẹ̀ sì wà lórí fóònù òbí ní Ìlọrin. Bí ó bá ti fi í sílẹ̀ ní ẹ́mbásì orílẹ̀-èdè mìíràn nítorí físà, kí ó lọ gbà á lọ́jọ́ tí ìṣirò bá kọjá 10. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń palẹ̀ mọ́ ní Khartoum, wọ́n gé páásìpọ́ọ̀tù àwọn ọmọ Sudan tó wà lọ́dọ̀ wọn fún físà sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àwọn ìwé àṣírí, gẹ́gẹ́ bí òfin wọn ti sọ, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó ni ín kò ní ìwé tí wọn yóò fi kọjá ẹnubodè mọ́.